Igi Àjàrà Ló Gbó, Kì í Ṣe Ọtí Inú Ìgò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo kọ ìwé yìí láti Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí àkọsílẹ̀ kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí àwọn ọtí tí àwọn èèyàn ń gbé lọ síbi ìdána àti ìṣílé, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti yin wáìnì pupa olówó ńlá kan láti ilẹ̀ olótùútù, tó sì pè é ní wáìnì tó ti lo ọgọ́ta ọdún. Àkọsílẹ̀ náà dùn ún kà, ṣùgbọ́n ibi tó ti ṣìnà kì í ṣe ibi kékeré, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwọn òǹtajà ń dúró sí tí wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀. Ohun tí ara ìgò ń sọ ni pé igi àjàrà tí wọ́n ká èso rẹ̀ ló ti pé ọgọ́ta ọdún nínú ilẹ̀. Ọtí fúnra rẹ̀ lè má tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ.

Bí adẹ́mu bá gun ọ̀pẹ tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lóko, tó sì gbé ẹmu sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ òní, ta ni yóò pe ẹmu náà ní ẹmu ọgọ́ta ọdún? Ẹmu òní ni, bó bá sì fi máa di ọ̀la, ó ti kan. Bákan náà ni ti wáìnì yìí. Ọdún tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ìgò ni ọdún tí wọ́n kórè. Ọdún tí wọ́n gbin igi, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ọ́, ẹ̀yìn ìgò ló sábà máa ń wà, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ojú àgbàlagbà kì í tètè rí.

Ọdún 22 ni mo fi ṣe agbọ́tí ní ilé ìtura kan ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé, ẹnu iṣẹ́ yẹn ni mo sì ti mọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀. (Mo mọ̀ pé ìjọ Onítẹ̀bọmi fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú wa, àti pé ọ̀pọ̀ ilé wà tí ọtí kì í wọ̀. N kò bá wọn jà, n kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ẹni tó ti pinnu láti náwó sí i ni mò ń bá sọ̀rọ̀.)

Kí ló wá dé tí ọjọ́ orí igi fi ń gbówó lé ọtí? Ẹni tó bá ní oko kajú ní agbègbè wa yóò tètè lóye rẹ̀. Kajú tó ti gbó kì í so bíi ti ìgbà èwe rẹ̀ mọ́, olóko a sì máa wò ó pé ṣé kí òun gé e, kí òun fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àjàrà: bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ìdì èso tó ń so á máa dín kù, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ jìnnà, ọ̀dá kì í tètè mú un, èso díẹ̀ tó bá sì so ló ń pín agbára gbogbo igi náà láàárín ara wọn. Olówó ló lè ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ìjọba Gúúsù Ọsirélíà san owó fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n hú àjàrà wọn dànù, ọ̀pọ̀ àgbà igi sì bá a lọ. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, ní àwọn ọdún 1860, kòkòrò wínníwínní kan tí wọ́n ń pè ní phylloxera, tó ń jẹ gbòǹgbò, bá àwọn igi tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà wọ ilẹ̀ Faransé, ó sì run oko àjàrà káàkiri Yúróòpù, títí wọ́n fi rí i pé àfi kí wọ́n máa lẹ àjàrà tiwọn mọ́ ìdí ti Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kì í rí pa, bí àwọn olóko ọsàn tiwa náà ṣe ń lẹ ọsàn dídùn mọ́ ìdí èyí tó kan. Igi tó bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò, tó tún bọ́ lọ́wọ́ àáké, kò pọ̀ láyé. Ilé Best's, tí wọ́n ń ṣe wáìnì ní Great Western, ní ìpínlẹ̀ Victoria ti Ọsirélíà, tó jẹ́ agbègbè olótùútù, ṣì ń ká èso irú àjàrà kan tí wọ́n ń pè ní Pinot Meunier lórí igi tí wọ́n gbìn ní 1868. Nígbà yẹn, ogun Ìjàyè ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ ni, ti Kírìjì kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, kò sí òfin kan tó kárí ayé tó sọ iye ọdún tí igi gbọ́dọ̀ lò kí wọ́n tó lè kọ ọ̀rọ̀ àgbà sára ìgò. Àwọn tó ń ṣe wáìnì ní agbègbè Barossa ní Ọsirélíà ló jókòó ṣètò tiwọn ní 2009: igi tó bá ti pé ọdún 35 ni wọ́n ń pè ní àgbà, èyí tó bá sì pé 125 di baba ńlá. Ní Gúúsù Áfíríkà, èdìdì kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò tí igi rẹ̀ bá ti pé ọdún 35, ọdún tí wọ́n gbin igi sì máa ń wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá rí èdìdì yẹn rí nǹkan dì mú. Ẹni tí kò bá rí i, ẹnu òǹtajà ló gbára lé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ olótùútù tún yàtọ̀. Níbi tí oòrùn kò bá ti le, èso kì í yára pọ́n; ṣúgà rẹ̀ kì í ga, kíkan ara rẹ̀ kì í sì í tán. Ṣúgà yẹn ni ìwúkàrà ń sọ di ọtí, nítorí náà irú wáìnì bẹ́ẹ̀ kì í sábà le, ara rẹ̀ máa ń fúyẹ́, ó sì máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu. Kíkan yẹn gan-an ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ń sanwó fún.

Níbi ìdána ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tó kọjá, àwọn àna wa gbé ìgò méjì irú rẹ̀ wá, ọtí kan náà, ọdún ìkórè kan náà, láti ṣọ́ọ̀bù kan náà tí n kò ní dárúkọ. Owó ìgò kan tó ra ààbọ̀ àpò ìrẹsì. Ọkọ ìyàwó sọ fún mi pé orí pẹpẹ lẹ́bàá gíláàsì tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ti gbé ọ̀kan, wọ́n sì yọ èkejì nínú páálí tí wọn kò tíì tú ní yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí mo gba ti àkọ́kọ́, àwọ̀ bébà ara rẹ̀ ti ṣá lápá kan. Kọ́ọ̀kì ti yọrí sókè lábẹ́ ìbòrí rẹ̀, ọtí tó jò sì ti gbẹ mọ́ ọrùn ìgò, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tọ́ ọ wò, bí èso tí wọ́n gbàgbé sórí iná ló rí. Èkejì mọ́ gaara, òórùn èso tútù ń ti inú rẹ̀ jáde, ó sì kan níwọ̀n. Ẹ má bá mi rẹ́rìn-ín: èyí tí oòrùn ti sè ni àwọn bàbá yìn, wọ́n ní ó rọ̀ lọ́fun. Wọ́n ní èkejì ti bàjẹ́. Mo ṣàlàyé títí, bàbá kan kàn na ife rẹ̀ sí mi ni: "Agbọ́tí, fi ti ìbàjẹ́ yẹn sílẹ̀, bu ti àgbà wá."

Ibi tó bá tutù, tó dúdú, tí ooru rẹ̀ kò ju ìwọ̀n 12 sí 15 Celsius lọ, ni wáìnì bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, kí ìgò sì dùbúlẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má bàa gbẹ. Òǹkọ̀wé yín tún kọ ọ́ pé wáìnì pupa kò gbọ́dọ̀ wọ fìríìjì, pé bí yàrá bá ṣe rí ni kí á mu ún. Yàrá àwọn Òyìnbó àtijọ́ tó tutù ni wọ́n fi pa òwe yẹn, níbi tí ooru kì í ti í kọjá ìwọ̀n 18. Yàrá tèmi ní oṣù Ẹrẹ́nà máa ń kọjá 30. Ìdajì wákàtí nínú fìríìjì kí àlejò tó dé kì í pa wáìnì pupa lára, pàápàá èyí tó fúyẹ́ bíi ti ilẹ̀ olótùútù.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ ṣe àtúnṣe sí gbólóhùn kan yẹn nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ń wá orúkọ tí ẹ ó máa pè é, "wáìnì igi àjàrà àgbà" kò gùn jù, ó sì gbé ọjọ́ orí lé ẹni tó ni ín. Kí òǹkọ̀wé yín sì bá wa ṣèbẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, kí wọ́n gbé ìgò wọn kúrò lójú gíláàsì. Bí wọ́n bá fẹ́ fi han èrò ọ̀nà, òfìfo ìgò lè jókòó síbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Agbọ́tí tó ti fẹ̀yìn tì,
Ògbómọ̀ṣọ́.