Ẹ yéé kọ "ọmọ dọ́ọ̀lù" sínú ìwé ìròyìn yín

Olóòtú wa, okun o. Kàbà ni mo ti ń kọ̀wé yìí, gáréèjì ni mo ti máa ń ra ìwé ìròyìn yín, ó sì máa ń pẹ́ kó tó débí, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i. Èyí tí mo rà kẹ́yìn bí mi nínú. Lójú ewé ẹ̀kọ́ yín, ẹnì kan ní kí òbí tó bá ní "ọmọ dọ́ọ̀lù", ìyẹn ọmọ tí wọ́n ní ọpọlọ ẹ̀ ò já fáfá, tètè lọ wá lẹ́sìnnì fún un. Èmi gan-an ń ṣe lẹ́sìnnì o, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ọjà mi ni wọ́n bá mi polówó yẹn, àmọ́ mi ò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Dull lédè Òyìnbó ni dọ́ọ̀lù yìí, àwọn Òyìnbó ti ń fi bú ọpọlọ èèyàn láti nǹkan bí ọdún 1200, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá kan ọ̀bẹ tó kú, ìró tí ò já gaara àti àwọ̀ tó ṣá. Dunce tí wọ́n fi ń pe òmùgọ̀ ló tiẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Orúkọ èèyàn ni! John Duns Scotus, àlùfáà láti ìlú Duns ní Scotland, ó kú sí Cologne ní Jámánì lọ́dún 1308, ìjìnlẹ̀ ọgbọ́n ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ó kú tán, ó lé ní igba ọdún, àwọn tó gbé ẹ̀kọ́ tuntun dé ń bá àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ fa ọ̀rọ̀, wọ́n bá sọ orúkọ bàbá olóògbé di èébú, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tórí ẹ̀ pé jù láyé ìgbà yẹn ṣe di ohun tí wọ́n ń pe ọmọ tó gbé ipò ìkẹyìn. Moron náà, tí wọ́n fi ń pe arìndìn, Henry Goddard, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló ṣà á jáde lọ́dún 1910 látinú èdè Gíríìkì, ìdánwò tí Alfred Binet ṣe ní Faransé lọ́dún 1905 kí wọ́n lè mọ ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ ló gbé, tó wá ń fi lẹ orúkọ mọ́ àwọn èèyàn lára.

Àmọ́ èyí tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n ni ti etí. Dumb, odi ló túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀, ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n wá sọ ọ́ di òmùgọ̀. Surd tó ń da àwọn ọmọ wa láàmú nínú WAEC, ìyẹn √2 àtàwọn nọ́ńbà ẹgbẹ́ ẹ̀ tí èèyàn ò lè kọ tán, adití ni ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀. Àwọn Lárúbáwá ló pe irú nọ́ńbà yẹn ní adití, nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ ìwé wọn sí Látìn wọ́n kọ ọ́ ní surdus, surdus yìí kan náà sì ni àwọn ará Róòmù ń lò fún ohùn tí ò dún ketekete àti àwọ̀ tí ò tàn. Ẹjọ́ etí ni, orí ni wọ́n wá dá lẹ́bi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa níbí gan-an nìyẹn.

Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi, ilé ẹ̀kọ́ tó ń lọ ti fi bírò pupa kọ dull sínú rípọ́ọ̀tì kádì ẹ̀. Mo pe fifteen, ó kọ 50. Mo pe sixteen, ó kọ 60. Tí mo bá wá kọ ìṣirò sójú bọ́ọ̀dù tí mi ò la ẹnu rárá, á ti ṣe é tán káwọn tó kù tó ṣí ìwé. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ báyìí, etí ọ̀tún ló máa ń yí sí mi, ojú ẹ̀ á wà lẹ́nu mi, tí ọ̀kadà bá fi lè kọjá lẹ́bàá wíńdò, ó parí nìyẹn. Mo bá bi ìyá ẹ̀. Ó ní, "Tísà, ẹ má bínú, etí òsì yẹn ti ń ṣọyún láti kékeré, òwú la máa ń fi dí i, tó bá ti gbẹ a ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́." Ẹ gbọ́ nǹkan. Wọ́n ti na ọmọ yìí títí nílé ìwé pé aláìgbọ́ràn ni, ṣé ó gbọ́ ọ̀ràn ọ̀hún ni?

Etí tó bá ń ṣọyún lọ tó ń ṣọyún bọ̀ lè dá ihò sí awọ inú etí, ohùn á wá máa wọlé bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Lọ́dún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ọmọ tí etí wọn ò gbọ́ dáadáa, 60 ló jẹ́ pé ohun tó ṣeé dènà ló fà á. Tí ò bá sì jẹ́ etí, ó lè jẹ́ ojú, ọmọ ń jókòó sẹ́yìn, bàìbàì ló ń rí bọ́ọ̀dù, kò kúkú mọ̀ pé àwọn tó kù ń rí i kedere, báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún yín?

Mi ò ní ká máa da gbogbo ẹ̀ lé Òyìnbó lórí o. Àwa náà mú odo inú ìṣirò, a fi sọ ọmọ ní olódo, bàbá á pè é bẹ́ẹ̀ níwájú àlejò, á tún rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan tún wà, drab, tí wọ́n ń pe nǹkan tí ò dùn-ún wò, àwọ̀ aṣọ tí wọn ò rẹ láró ni níbẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti mú un. Ẹ lọ bi àwọn aláró Ògìdì, ní ìpínlẹ̀ Kogí wa níbí, bóyá aṣọ tó ṣì ń dúró dè wọ́n lẹ́bàá ìkòkò ti bà jẹ́; bẹ́ẹ̀ náà lọ́mọ rí.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ̀wé nípa ọmọ tí ò ṣe dáadáa nílé ìwé, ẹ kọ ohun tí ò lè ṣe, bóyá ìwé kíkà ni àbí ìṣirò, ìyẹn á jẹ́ kí òbí mọ ibi tó máa gbà. Ẹ fún nọ́ọ̀sì kan láyè lójú ewé ìlera, kó ṣàlàyé etí ríro, kó bá wa sọ fáwọn ìyá pé kí wọ́n yéé da òróró gbígbóná sí i. Ẹ̀yin tísà ẹlẹgbẹ́ mi, kẹ́ ẹ tó gbé bírò pupa, ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ náà, ẹ rọra sọ nọ́ńbà kan jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ wò ó bóyá á lè sọ ọ́ pa dà. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìyá ọmọ yẹn ti ń kó owó ọkọ̀ Lọ́kọ́ja jọ báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n ní dókítà etí wà. Ní tèmi, iwájú pátápátá ló ń jókòó, apá ibi tí etí ọ̀tún ẹ̀ á ti kọjú sí mi.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìṣirò kan,
Kàbà, ìpínlẹ̀ Kogí.