Màámi, iṣẹ́ ni mò ń ṣe nínú yàrá yìí

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti ń gbọ́ oògùn? Kúnlé, mo mọ̀ pé ìwọ ni wàá ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Jọ̀ọ́, rọra kà á, má sì fo ibì kankan, títí kan ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ owó.

Ohun tí Àǹtí Bísí sọ fún yín, òótọ́ ni. Mo ti fi iṣẹ́ alẹ́ tí mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó sílẹ̀ láti oṣù kẹta. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní sùn bí ẹ bá gbọ́, ìyẹn ni mo ṣe dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àmọ́ ibi tí Àǹtí ti ní mo kàn jókòó sílé tí mò ń tẹ kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ dùn mí. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi. Wọ́n rí i pé aṣọ ilé ló wà lọ́rùn mi títí di ọ̀sán, wọn ò sì rí i kí n jáde. Lójú tiwọn, ẹni tí kò bá ti jáde kò lọ síbi iṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu èmi fúnra mi: ìwé ìtàn ni mò ń kọ, òun náà ni mo sì ń tà.

Aago márùn-ún ni mo ń jí. Mo ń gbàdúrà, mo ń po tíì, mo ń jókòó sídìí tábìlì kékeré kan tó kọjú sí ògiri. Ojú fèrèsé kò dára fún iṣẹ́ yìí, èèyàn ni mà á máa wò. Mo ń yí aago tí wọ́n fi ń se oúnjẹ sí ìṣẹ́jú 25, mo ń pa fóònù, mo sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Títí aago yóò fi dún, n kò gbọdọ̀ dìde, n kò sì gbọdọ̀ pa ohun tí mo ti kọ rẹ́, ì báà burú. Bó bá dún, mà á na ẹsẹ̀, mà á tún un yí. Kí aago mẹ́wàá tó lù, mo ti yí i tó ìgbà mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ 2,000 sì ti wà nílẹ̀. Ìyẹn tó ojú ewé méje tàbí mẹ́jọ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ojoojúmọ́ ni, àfi ọjọ́ Ìsinmi.

Mo ní ìwé kan tí mò ń kọ iye rẹ̀ sí. Bí ẹ ṣe ń fa ìwé àwìn yín ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ṣe fa tèmi: ọjọ́ lápá òsì, iye lápá ọ̀tún, ìlà pupa lábẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí mo bá kọ 1,600, mà á kọ gbèsè 400 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá di ọjọ́ kejì, mà á san án, mà á sì fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Bírò pupa ni mo fi ń fà á, nítorí pé bírò pupa ni tiyín.

Màámi, ẹ rántí ìtàn tí ẹ máa ń sọ fún wa nípa Bàbá Àgbà, bàbá tó bí yín. Ẹ ní wọ́n á di aṣọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á kó o lọ sí abúlé, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á sì máa padà lọ gba owó díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ṣeré, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: “Òṣó ni máa ló gbowó mi!” Orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà ní òṣómàáló nìyẹn. Ní kékeré, bí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀ nílé ìwé, ẹkún ni mo máa ń sun. Ní báyìí, bó bá di aago mẹ́fà àárọ̀ tí ìtàn kọ̀ tí kò jáde, tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, orúkọ yẹn ni mo fi ń gba ara mi níyànjú. Mo lóṣòó tì í. Kò sí ibi tí mò ń lọ.

Kì í sì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan wà láyé àtijọ́, Anthony Trollope, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n gbà á sí. Aago 5:30 àárọ̀ ló ń jókòó, yóò gbé aago síwájú ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ 250 sì gbọ́dọ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú 15. Ó kọ ìwé ìtàn 47 kó tó kú lọ́dún 1882, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì kọ nígbà tó ṣì ń jẹ owó oṣù ìjọba.

Ẹ ó ní kí ló ń lé mi tí mò ń sáré kọ tó báyìí. Ṣé aṣọ kan ṣoṣo ni ẹ fi ṣí ṣọ́ọ̀bù yín lọ́jà Atákúnmọ́sà? Oníbàárà tó ra àǹkárá lọ́wọ́ yín lónìí, bó bá padà wá tí kò rí òmíràn, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò yà sí. Ohun tí mo fi oṣù mẹ́ta kọ, alẹ́ méjì ni òǹkàwé fi ń kà á tán, tí yóò sì máa bi mí pé èyí tó kàn dà. Ìwé mi ti pé 19 báyìí. Mẹ́rìnlá nínú wọn ló dá lórí Ìyá Elépo, opó tó ń ta epo ní Iléṣà, tó ń tú ọ̀ràn tó bá rú ọlọ́pàá lójú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn yín ni mò ń gbọ́ bí Ìyá Elépo bá ń sọ̀rọ̀. Kúnlé, o rántí ọjọ́ tí mo ní kí o rìn láti Òkèṣà dé Ẹ̀rẹ̀jà kí o ka ìṣẹ́jú fún mi? Inú ìwé kẹsàn-án ni ìrìn yẹn wà.

Ó kan owó. Lọ́dún 2007 ni Amazon, iléeṣẹ́ ńlá tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣí ọ̀nà tí òǹkọ̀wé fi lè pàtẹ ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ láìdúró de ilé ìtẹ̀wé kankan. Bí iye tí mo ń ta ìwé tí wọ́n ń kà lórí fóònù bá wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99, mo lè gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá lọ sílẹ̀ tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 35 péré ni. Sẹ́ǹtì 99 ni mò ń ta ìwé àkọ́kọ́ Ìyá Elépo. N kò retí èrè lórí ìyẹn, kí wọ́n ṣáà tọ́ ọ wò ni. Lórí àwọn tó tẹ̀lé e ni mo ti ń jẹun. Owó ohun tí wọ́n bá rà lóṣù kìíní, ìparí oṣù kẹta ló ń wọlé. Àwìn náà ni, Màámi. N kò sì kó gbogbo ọjà mi sórí àtẹ kan. OkadaBooks tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ń ta ìwé kógbá sílé ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2023, ẹni tí gbogbo ọjà rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀.

Lọ́sàn-án, mà á jẹun, mà á sùn díẹ̀, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù á sì bẹ̀rẹ̀. Mo ń dá àwọn òǹkàwé lóhùn. Mo ń bá ọmọkùnrin tó ń ya èèpo ìwé fún mi n'Íbàdàn sọ̀rọ̀. Mo ń kó rìsíìtì jọ, torí pé ọjọ́ 31 oṣù kìíní kò gbọdọ̀ kọjá kí n tó ṣírò owó orí mi fún ìjọba ibí. Àmọ́ àtúnṣe ló gba agbára jù. Mo ń ka gbogbo ìwé sókè ketekete, láti orí kìíní dé ìparí, lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí Àǹtí gbọ́ nìyẹn tí wọ́n fi ní mò ń dá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Nígbà tí mo kọ ìwé keje, mo ṣì ń ṣiṣẹ́ alẹ́, aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́jọ àárọ̀. Mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú mi ti pọ́n, mo sì gbé ẹ̀dà tí n kò tíì tún ṣe sórí àtẹ dípò èyí tí mo ti tún ṣe. Ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Dúpẹ́ ní orí kìíní ti di Bọ́lá ní orí kọkànlá. Ìyá àgbà kan kọ̀wé sí mi láti Kánádà. Kò bú mi. Ó ní òun ti ka mẹ́fà, òun ti gbẹ́kẹ̀ lé mi, pé kí ló ṣẹlẹ̀? Màámi, mo sunkún lọ́jọ́ náà ju bí ẹni tí wọ́n bú lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó. Ìgbà tí owó ìwé ti ju owó iṣẹ́ alẹ́ lọ fún oṣù mẹ́jọ léraléra, tí owó ilé oṣù mẹ́fà sì ti wà ní báǹkì, ni mo tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. N kò fi orí fò ó.

Ohun kan tún wà. Òfin ibí ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí British Library, ilé ìkàwé àpapọ̀ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín oṣù kan. Mo ti fi gbogbo tèmi tí a tẹ̀ sórí bébà ránṣẹ́. Bí ẹ bá ṣí ojú ewé tó ṣáájú orí kìíní, ohun tó wà níbẹ̀ ni: “Sí Màámi, aláṣọ Atákúnmọ́sà.”

Mo ti ń kọ ìtàn Bàbá Àgbà báyìí, ẹ̀yin ni mo sì nílò. Báwo ni wọ́n ṣe ń rántí ẹni tó jẹ gbèsè, nígbà tí wọn ò mọ̀wé kọ? Kí ni wọ́n ń jẹ lọ́nà? Bí wọ́n bá lóṣòó, ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀ ni, àbí wọ́n kàn ń wo onígbèsè níran? Kúnlé, jọ̀ọ́, gba ohùn Màámi sílẹ̀ lórí WhatsApp, má dá wọn lẹ́nu kọ́ o, kódà bí wọ́n bá yà bàrá sí ọ̀rọ̀ míì. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì ni o. Mo ti dé orí kẹfà, Bàbá ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọkùnrin náà, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, n kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Owó oògùn orúnkún ti wà ní àkáǹtì Kúnlé. Owó ìwé ni.

Ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀