Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Oní-POS sí Ìgbìmọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Lórí Àbá Òfin Ìwé Owó Oníbàárà

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin rẹ̀,

Ẹ̀yin ọlọ́lá wa,

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni àwa ẹgbẹ́ àwọn aṣojú báńkì tí ń fi ẹ̀rọ POS ṣiṣẹ́ ní àgbègbè yìí fi kọ ìwé yìí sí yín, lórí àbá òfin tí ó wà níwájú ìgbìmọ̀, èyí tí ó ní kí oní-POS kọ̀ọ̀kan máa kó ìwé tí orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ àti iye tí wọ́n gbà tàbí tí wọ́n fi ránṣẹ́ wà nínú rẹ̀ lọ sí sẹkitéríàtì ní ìparí oṣù, tí ó sì tún gbé owó tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ lé orí èyí tí a ti ń san. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ yọ abala ìwé oníbàárà kúrò pátápátá, kí ẹ sì sọ owó tí à ń san di ẹyọ kan lọ́dún.

Ohun tí ó bí àbá náà kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ajínigbé ti gba owó ìtúsílẹ̀ nípasẹ̀ oní-POS láwọn ibòmíràn, àwọn gbájú-ẹ̀ sì ń sáré fi ẹ̀rọ yìí kó owó olówó jáde kí báńkì tó ta jí. Àwa gan-an wà lára àwọn tí wọ́n ń fi álẹ́ẹ̀tì irọ́ lù ní jìbìtì. Nítorí náà, a kò sọ pé kí ìjọba gbójú kúrò lára wa. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí ni ọ̀nà tí àbá yìí gbà, nítorí kò ní mú ọ̀daràn kan ṣoṣo, yóò sì tú àwọn aláìṣẹ̀ síta fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe wọ́n níbi.

Iṣẹ́ wa ní àgbà tí ó ṣáájú rẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ti kọ́kọ́ fi owó pamọ́ pẹ̀lú ìwé pélébé tí wọ́n ń lù ní òǹtẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń tẹ wáyà, ìyẹn ọ̀rọ̀ ṣókí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́, sí ará ilé tó wà lókèèrè. Ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba amúnisìn gbé wá fún iṣẹ́ méjèèjì, ó sì yẹ kí a wo bí àwọn tó gbé e kalẹ̀ ṣe rò ó.

Ní 1861 ni ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì fún ilé ìfìwéránṣẹ́ láṣẹ láti máa gba owó pamọ́ fún mẹ̀kúnnù, ṣílè kan péré sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn báńkì kéékèèké tí àwọn gbajúmọ̀ ìlú ń bójú tó ni òṣìṣẹ́ ń gbé owó rẹ̀ lọ. Akọ̀wé kan lè máa jẹ lára owó náà fún ọdún pípẹ́ kí àṣírí tó tú. Ọ̀gá tó gba ènìyàn síṣẹ́ sì lè jókòó láàárín àwọn tó ń ka ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní nípamọ́. Òfin 1861 dí ọ̀nà méjèèjì. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ iye owó sínú ìwé oníbàárà lójú rẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i, kí ó lù ú ní òǹtẹ̀, kí ó sì ròyìn rẹ̀ sí olú ilé-iṣẹ́ ní London. Láti London ni ìwé ẹ̀rí yóò ti padà wá bá oníbàárà fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ 10, tí kò bá sì dé, oníbàárà mọ̀ pé ó tó àkókò láti bèèrè. Òfin kan náà ka á léèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ láti dárúkọ ẹni tó fowó pamọ́ tàbí iye owó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi ọ̀gá àgbà ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn tí a yàn sí iṣẹ́ náà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n fi àyẹ̀wò sí. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò jìnnà, kò bá oníbàárà gbé àdúgbò, aládùúgbò kò sì rí nǹkan kan. Àbá tó wà níwájú yín yí ètò yìí padà, ó gbé ìwé náà wá sí àárín ìlú, sórí tábìlì tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ń kọjá lórí rẹ̀.

Wọn kò ṣe ti wáyà yàtọ̀. Òfin 1868 tí ó jẹ́ kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè gba iṣẹ́ wáyà lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, èyí tí wọ́n gbà tán ní 1870, sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá tú ohun tó wà nínú wáyà síta lè fi ẹ̀wọ̀n tó oṣù 12 jura. Wọ́n sì sọ owó rẹ̀ di ọ̀kan, ṣílè kan fún ọ̀rọ̀ 20, ibi yòówù tí ó ń lọ ní Bìrìtéènì. Síbẹ̀, ní 1873, ó hàn pé Frank Scudamore, ọ̀gá tó wà nídìí iṣẹ́ wáyà, ti ná nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 pọ́ùn lórí rẹ̀ láìgba àṣẹ ilé aṣòfin, owó àwọn tó fowó pamọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ni àṣìlò owó náà ti wá. Kò sí oníbàárà tó lọ́wọ́ sí i.

Òfin ilẹ̀ wa gba ojú ọ̀nà kan náà. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí tẹlifóònù àti wáyà rẹ̀, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 sì tún fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Obìnrin tó ń rọra kó owó ilé ìwé ọmọ jọ, ẹni tó ń sanwó ìtọ́jú àìsàn tí kò tíì sọ fún ará ilé, oníṣòwò tó gba owó ọjà jáde lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì: orúkọ gbogbo wọn ni àbá yìí fẹ́ kí a kọ sílẹ̀. A ò fura sí òṣìṣẹ́ yín kankan. Ṣùgbọ́n ìwé tó sọ ẹni tó gba owó, iye tó gbà àti ibi tó ti gbà á, ohun tí adigunjalè yóò san owó ńlá láti rí ni.

Àkọsílẹ̀ tí ẹ ń wá sì ti wà. Gbogbo owó tó gba orí ẹ̀rọ wa kọjá ni báńkì ń rí lójú ẹsẹ̀. Láti oṣù Kejìlá 2024 ni CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti pàṣẹ pé oníbàárà kan kò gbọdọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lọ́dọ̀ oní-POS lóòjọ́, àti pé oní-POS kan kò gbọdọ̀ san ju ₦1,200,000 lọ lápapọ̀ lóòjọ́. Bí ọlọ́pàá bá ń tọpa ọ̀daràn, kí wọ́n gba àṣẹ ilé ẹjọ́ lọ sí báńkì. Àwa yóò sì jẹ́rìí níbi tí a bá ti pè wá.

Ní ti owó tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Báńkì, ìfìwéránṣẹ́, wáyà àti tẹlifóònù wà nínú àkójọ ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí, ní nọ́ńbà 6 àti nọ́ńbà 46. Ohun tí Àfikún Kẹrin ìwé òfin fi lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ni ìṣàkóso ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀. Owó ìsọ̀ yẹn ni a ṣe tán láti san, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí a sì gba rìsíìtì rẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ wa, a ó kó orúkọ àwa fúnra wa àti ibi tí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan wà fún yín. A ó gbé pátákó iye tí à ń gbà síta níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á, a ó sì rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò jẹ́ kí oníbàárà lọ láìgba rìsíìtì. Àwọn òṣìṣẹ́ yín lè wá yẹ ìwọ̀nyí wò nígbàkígbà.

A bẹ̀ yín pé kí ẹ dá kíka àbá náà lẹ́ẹ̀kẹta dúró, kí ẹ sì pè wá sí ìjókòó ìtagbangba pẹ̀lú àwọn ìyálọ́jà, àwọn aṣojú báńkì ńlá àti àwọn ọlọ́pàá, kí ìgbìmọ̀ tó dìbò lé e lórí.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.