Olùkọ́ ni kó yí ọwọ́ padà, ẹ má fi orúkọ há ọmọ mọ́ ibì kan

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ èrò ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ kan tó ti tàn kálẹ̀ láàrin àwa olùkọ́ ní Èkìtì. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́, wọ́n máa ń sọ fún wa pé oríṣi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà: àwọn kan ń fi ojú kẹ́kọ̀ọ́, àwọn kan ń fi etí, àwọn kan ń fi ìwé kíkà àti kíkọ, àwọn yòókù ń fi ọwọ́ àti ara. Wọ́n á wá ní kí olùkọ́ wá oríṣi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ rí, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì máa kọ́ ọmọ náà ní ọ̀nà tó bá oríṣi rẹ̀ mu. Pé kí olùkọ́ má gbára lé ọ̀nà kan ṣoṣo, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n pé kí á pín ọmọ sí olójú, elétí àti ọlọ́wọ́, n kò fara mọ́ ọn rárá, nítorí mo gbà pé àwọn ọmọ tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ gan-an ni yóò pa lára.

Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ kí n tó fẹ̀yìntì, n kò sì bá kíláàsì kan pàdé rí tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ rí bákan náà. Ẹni tó bá sọ pé ọmọ yàtọ̀ síra kò parọ́. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni ọ̀rọ̀ wà.

Ó yẹ kí á mọ ibi tí èrò yìí ti wá. Ní 1983, Howard Gardner ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde tó fi ṣàlàyé pé òye ẹ̀dá kì í ṣe ẹyọ kan, pé òye ọ̀rọ̀ wà, ti ìṣirò wà, ti orin wà, ti ìlò ara náà sì wà. Ní 1992, Neil Fleming, ará New Zealand, àti Colleen Mills kọ̀wé lórí àwọn ìbéèrè tí ènìyàn lè dáhùn láti mọ̀ bóyá ojú, etí, ìwé tàbí ọwọ́ ló wù ú láti fi kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lu ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ Gardner fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé láti ṣàlàyé pé ohun tí òun ń pè ní òye yàtọ̀ sí ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́. Ní ti ìbéèrè Fleming, ohun tó wu ènìyàn ló ń béèrè, ohun tó sì wu ọmọ lè má jẹ́ ohun tí yóò jẹ́ kí ó mọ̀wé. Ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán lè wo àwòrán láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ó má mọ bí a ṣe ń yọ iye kan kúrò nínú òmíràn.

Ní 2008, àwọn onímọ̀ mẹ́rin kan tí Harold Pashler ṣíwájú wọn yẹ àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé ọmọ á túbọ̀ mọ̀wé bí a bá fi oríṣi tirẹ̀ kọ́ ọ. Wọ́n ṣàlàyé irú ẹ̀rí tó lè fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. A ó kó àwọn olójú àti àwọn elétí jọ, a ó fi àwòrán kọ́ ìdajì nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ìdajì yòókù, a ó sì fún gbogbo wọn ní ìdánwò kan náà. Bí àwòrán bá ṣe olójú láǹfààní ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, tí ọ̀rọ̀ ẹnu sì ṣe elétí láǹfààní ju àwòrán lọ, a jẹ́ pé òótọ́ ni. Ìwádìí tó gba ọ̀nà yìí kò pọ̀ rárá, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sì rí ni kò ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀rí tó báyìí ni a ṣì ń fi àkókò àwọn olùkọ́ wa kọ́.

Ohun tí à ń kọ́ ló yẹ kó pinnu ọ̀nà tí a ó gbà kọ́ ọ. Kò sí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́ ọmọ ní àwòrán ilẹ̀ Èkìtì, kí ó mọ̀ pé ìhà gúúsù Adó ni Ìkẹ́rẹ́ wà, tí Ọ̀tùn sì wà lókè lọ́hùn-ún níbi tí a ti ń bá Kwara pààlà. Àfi kó fi ojú rí i, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á. Bákan náà, kò sí ọmọ tí ojú nìkan lè kọ́ ní àmì ohùn Yorùbá, ìbáà jẹ́ olójú bí ti àṣá. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ pè é, kí àmì orí ìwé náà tó ní ìtumọ̀ sí i. Télọ̀ tó gba ọmọ iṣẹ́ kì í bi í léèrè bóyá etí ló fi ń gbọ́ tàbí ojú ló fi ń wò: ọmọ náà á wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá á ṣàlàyé, ọmọ á sì mú sísọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìdá nínú ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń sọ ìrètí nù. Ẹ bi àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin léèrè èwo ló tóbi jù nínú ìdá kan nínú mẹ́rin àti ìdá kan nínú mẹ́jọ. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò mú ìdá kan nínú mẹ́jọ, nítorí pé mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ. Ẹni tó ń fi etí sílẹ̀ dáadáa á ṣe àṣìṣe yìí, ẹni tó fẹ́ràn àwòrán náà á ṣe é. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní abala ìwé kan tí a já láti inú ìwé àtijọ́. Wọ́n á ká a sí méjì, wọ́n á tún un ká, wọ́n á tú u, wọ́n á sì ka ojú ibi tó wà níbẹ̀: mẹ́rin. Wọ́n á fi bíírò kun ọ̀kan, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ sókè, wọ́n á kọ 1/4 sí inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ká a padà bó ṣe wà, wọ́n á sì ká a lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n bá tú u lẹ́ẹ̀kejì yìí, ojú mẹ́jọ ni wọ́n á rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju ìdajì èyí tí wọ́n kùn lọ. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ara wọn pé bí a bá ṣe ń pín in sí púpọ̀ tó ni ìpín á ṣe máa kéré sí i, kí olùkọ́ tó la ẹnu. Àwọn kan ṣì wà tí wọn yóò tún ṣì í bí a bá kọ 1/3 àti 1/5 sí ojú pátákó ní ọjọ́ kejì. Fún irú wọn, n ó bi wọ́n bóyá wọ́n á fẹ́ kí ènìyàn mẹ́ta pín kóńgò gàrí kan tàbí kí ènìyàn márùn-ún pín in, bí àwọn náà bá wà lára àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ojú, etí, ẹnu àti ọwọ́ ló ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀kọ́ kan yẹn, gbogbo kíláàsì ló sì jọ ṣe é. Bí mo bá ti pín wọn sí oríṣi oríṣi ni, àwọn tí mo pè ní ọlọ́wọ́ nìkan ni n bá fún ní ìwé ká.

Kí àwọn ọmọ pa ìwé dé lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n sì fi ẹnu sọ ohun tí wọ́n rántí, tún wà lára ohun tí ń ṣe gbogbo ọmọ láǹfààní. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ méjì kan, Roediger àti Karpicke, gbé jáde ní 2006 fi hàn pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò lórí ohun tí wọ́n kà rántí ju àwọn tó kàn ń tún un kà lọ.

Wàyí o, kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọmọ àti ọmọ tó yẹ kí olùkọ́ kà sí? Mo kọ́ ọmọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn gbà pé ẹnu olùkọ́ nìkan ló lè ti gbọ́ ẹ̀kọ́. Ìtàn á yé e, ìṣirò ẹnu á yé e, ṣùgbọ́n bí mo bá kọ nǹkan sí ojú pátákó, inú ìwé ẹni tó jókòó tì í ló ti máa ń dà á kọ, á sì máa fún ojú pọ̀. Nígbà tí mo mú un wá sí ìjókòó iwájú, tí ìyá rẹ̀ sì mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú, awò ni wọ́n fún un. Báwo ni ìbá ti rí ká ní a ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé elétí ni, tí a sì fi í sílẹ̀ sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú orúkọ yẹn?

Ìyàtọ̀ mìíràn ni èdè. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a ń pè ní ọlọ́wọ́, nítorí pé wọn kì í dáhùn ìbéèrè, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi bi wọ́n ni. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Èyí tó tóbi jù lójú mi ni ohun tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú kíláàsì karùn-ún kan náà, ẹnì kan lè máa ka ìtàn já geere, kí ẹnì kejì rẹ̀ ṣì máa wá lẹ́tà. Ẹgbẹ́ Pratham ní Íńdíà kó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lè kàwé tó, láìwo kíláàsì tí wọ́n wà, fún apá kan nínú ọjọ́. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé ní 2019, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí ètò náà, wọ́n sì rí i pé ìwé kíkà àwọn ọmọ náà gbèrú. Ọmọ tó bá ti mọ lẹ́tà á kúrò láàrin àwọn tó ń kọ́ lẹ́tà, á bọ́ sí àárín àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀. Ta ni yóò mú ọmọ tí a pè ní ọlọ́wọ́ kúrò láàrin àwọn ọlọ́wọ́, ìgbà wo sì ni? N kò fẹ́ kí ọmọ Èkìtì kankan dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ìwé kíkà kì í ṣe ti irú òun.

Mo mọ̀ pé olùkọ́ tó ní ọmọ tó kún kíláàsì fọ́fọ́ lè bi mí pé ìgbà wo ni òun fẹ́ rí àyè ṣe gbogbo èyí. Òótọ́ ni. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé ọmọ 35 ló yẹ kí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan máa kọ́, ibi tí a bá sì ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìjọba ló ni ẹjọ́, kì í ṣe olùkọ́. Síbẹ̀, ìwé kíká kò ná ẹnikẹ́ni lówó, ó sì rọrùn ju kí olùkọ́ máa ṣe oríṣi ẹ̀kọ́ mẹ́rin fún ẹgbẹ́ mẹ́rin lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí SUBEB, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa, àti sí àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ ni pé kí wọ́n fi ìwé ìbéèrè oríṣi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi àkókò yẹn kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ṣe ń wá ohun èlò ìkọ́ni láti inú ohun tó wà ní àyíká, nítorí nínú ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì olùkọ́ tí mo rí, "pátákó àti ṣọ́ọ̀kì" nìkan ló máa ń wà ní àyè ohun èlò. Kí wọ́n sì jẹ́ kí a máa yẹ ojú àti etí gbogbo ọmọ wò nígbà tí a bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Ìwé lẹ́tà ńlá àti kékeré tí a fi ń yẹ ojú wò kò wọ́n. Ara ògiri ni a ń gbé e kọ́, ọmọ á sì dúró ní mítà mẹ́fà sí i. A lè kọ́ olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bí a ṣe ń lò ó, kí ó lè tètè mọ ọmọ tó yẹ kí á rán lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.