Ìwádìí ikú tó dárúkọ àwọn tó pànìyàn

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwádìí ikú kan tí kò yẹ kó di ohun ìgbàgbé. Ní South Carolina, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, láyé ọjọ́un, bí ikú ẹnìkan bá mú ìfura dání, àwọn ọkùnrin àdúgbò ni yóò búra, tí wọn yóò wo ojú ọgbẹ́ ara òkú náà, tí wọn yóò sì kọ ohun tó pa á sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1876, ní Hamburg ní agbègbè Aiken, àwọn aláwọ̀ funfun méjì nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin fẹ́ fi dandan gba àárín àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ tó ń yan kọjá, bẹ́ẹ̀ títì náà fẹ̀ dáadáa. Ìjà náà ló fà á tí àwọn aláwọ̀ funfun tó dìhámọ́ra fi kọ lu àwọn ọmọ ogun náà, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, adúláwọ̀ mẹ́fà àti aláwọ̀ funfun kan ti kú. Àwọn kan nínú àwọn adúláwọ̀ náà, wọ́n ti mú wọn tán kí wọ́n tó pè wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n yìnbọn fún wọn.

Prince Rivers, adájọ́ adúláwọ̀ tó ti ṣe ẹrú rí, ló darí ìwádìí náà, ìgbìmọ̀ rẹ̀ sì fẹ̀sùn kan ọkùnrin 94. Kò sí ìkankan nínú wọn tó fojú ba ilé ẹjọ́ fún ìgbẹ́jọ́. Ben Tillman, ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ funfun tó kópa nínú rẹ̀, tó sì ń fi ìpànìyàn náà yangàn ní gbangba, di gómìnà South Carolina ní 1890.

Àwọn kan lè ní iṣẹ́ Rivers já sí asán. Èmi kò gbà, nítorí orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ṣì wà nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ òpó ìrántí tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní North Augusta, nítòsí Hamburg, ní 1916, ti aláwọ̀ funfun kan ṣoṣo tó kú yẹn ni.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn