Kì í ṣe Inú Ìgò ni Ohun Tó ń Tún DNA Ṣe Wà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ìpolówó ohun mímu kan tí wọ́n ń fi gbohùngbohùn ṣe nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni ó mú mi kọ̀wé yìí. Àwọn tó ń ta ohun mímu ọ̀hún ní ó ń fọ DNA mọ́, àti pé ẹni tó bá ń mu ún ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí pé owó tó yẹ kí àwọn mìíràn fi ra oògùn tí dókítà kọ fún wọn ni wọ́n ń kó lé e.

Òótọ́ ni pé DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Ọ́síjìn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń sọ oúnjẹ di agbára náà ni ó máa ń ṣe é ní jàǹbá, guanine, ọ̀kan nínú ègé mẹ́rin tí a fi to DNA, ni ó sì máa ń tètè fara gbá a jù, tí yóò fi di 8-oxoguanine. Cytosine, ọ̀kan mìíràn nínú ègé mẹ́rin náà, ló yẹ kí guanine bá so pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ lè bá adenine, tí òun náà wà lára wọn, so, àṣìṣe náà yóò sì di àjogúnbá fún gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó bá ti ara rẹ̀ jáde.

Purotéènì tó ń wá ibi tó bàjẹ́ yìí rí ni OGG1. Ní ọdún 2000, Gregory Verdine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Harvard fi hàn bí ó ṣe ń dì í mú: yóò tẹ DNA kọ dọ̀rọ̀, yóò fa ègé tó bàjẹ́ jáde kúrò láàárín àwọn yòókù sínú àpò kan lára rẹ̀, yóò sì ki díẹ̀ lára òun fúnra rẹ̀ bọ àlàfo tó ṣẹ́ kù. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé ọ́síjìn tó lẹ̀ mọ́ guanine ni ó fi ń dá a mọ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Átọ̀mù háídrójìn kan ṣoṣo, tí guanine tó pé kò ní ní ojú ibẹ̀, ni ó ń wò. Lẹ́yìn èyí ni yóò gé e kúrò, kí àwọn purotéènì mìíràn tó fi guanine tuntun dí i. Bí ó bá jẹ́ adenine ló ti so mọ́ ọn, OGG1 kì í sábà fọwọ́ kàn án, nítorí pé gígé e nígbà náà ni yóò fìdí àṣìṣe múlẹ̀. Purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ MUTYH ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ adenine yẹn. Ẹni tó bá jogún MUTYH tó lábùkù láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá máa ń ní èso ẹran púpọ̀ nínú ìfun ńlá, tó lè di jẹjẹrẹ.

Ẹni tó bá ní ohun mímu òun ń ṣe iṣẹ́ tó gba ìṣọ́ra tó báyìí, ẹ jọ̀wọ́, kí ó mú ẹ̀rí rẹ̀ lọ bá àwọn onímọ̀ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, tàbí ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tó wà ní Òǹdó, kí ẹ tó gba ìpolówó rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìmọ̀ Báyọ́lọ́jì, Àkúrẹ́