Lẹ́tà sí Bọ́sẹ̀, nípa ọmọ tó gba ife

Bọ́sẹ̀ mi, ọmọ Ìsánlú, òkun o.

Ẹ̀bi mi ni. Nígbà tí mo fi ìròyìn Tanitoluwa Adewumi, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì (chess) ní Amẹ́ríkà, ránṣẹ́ sórí fóònù màmá rẹ, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ jẹ́ kí Bọ́sẹ̀ rí ẹgbẹ́ rẹ̀." Màmá rẹ ní o ju fóònù sórí ẹní, o ní, "Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Èmi tí mo ti pé mẹ́wàá ńkọ́?"

Jẹ́ ká jọ tún un kà.

Wọ́n ní ó gba ipò kìíní nínú ṣẹ́ẹ̀sì ní ìpínlẹ̀ New York ní oṣù kẹta ọdún 2019. O rò pé àgbà ló nà. Rárá o, ìpele àwọn ọmọ kíláàsì kẹta sísàlẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò sì rí i nà níbẹ̀. Ohun ńlá ni, àmọ́ àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti gbé ife síwájú. Ìlà kéékèèké ìsàlẹ̀ ni kí o máa wá.

Màmá rẹ ní ibi "homeless" ni ìka rẹ ti dúró. Kì í ṣe abẹ́ igi ni òun àtàwọn òbí rẹ̀ ń sùn. Ìbẹ̀rù Boko Haram ló lé wọn kúrò ní Nàìjíríà ní 2017. Nígbà tí wọn ò ríbi gbé, wọ́n wọ ilé tí wọ́n ń gba aláìnílé sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ni Tanitoluwa ń dùbúlẹ̀ sí lálaalẹ́, tí á máa ta ṣẹ́ẹ̀sì fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bí ìwọ náà ṣe ń dojú bolẹ̀ ya àwòrán ní pálọ̀ Màmá Àgbà.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nìyí: nínú ìdíje tó kọ́kọ́ lọ, nínú àmì tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ẹnì kan ṣe mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta tó, tirẹ̀ ló kéré jù, 105 péré. Wọn ò sì lówó ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì iléèwé. Ìyá rẹ̀ ló jókòó kọ̀wé sí wọn pé àwọn ò ní in, wọ́n sì ní kí ọmọ máa bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ronú sí ìwé yẹn, Bọ́sẹ̀. Kò rọrùn fún ìyá kan láti kọ.

(Mi ò ní sọ ohun tó ṣe nígbà tóun náà pé mẹ́wàá. Mo ti kọ́gbọ́n.)

Mo ti pa ọ̀rọ̀ tí mo kọ sísàlẹ̀ yẹn rẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń wọ mọ́tò bọ̀. Fa àwọn àwòrán rẹ jáde dè mí.

Àǹtí rẹ ní Lọ́kọ́ja